Asofẹ́yẹjẹ Lọ́jọ́ Ìdána

Ojo ni mí, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí fóònù mi bá dún lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, kí n tó wo ẹni tó ń pè ni mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Bí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ bá ní kí n wá rí òun lọ́la, alẹ́ òní ni mo ti máa ń kó ìwé mi jọ. Àyà mi á máa já, àtẹ́lẹwọ́ mi á máa làágùn, inú mi á máa kùn, oorun á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá dá ọjọ́ ìdána fún.

Bàbá ìyàwó mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà ò sì tíì kúrò lára wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, wọ́n gbé ìwé ìròyìn lé mi lọ́wọ́ pé kí n kà á sókè fún àwọn, pé gíláàsì àwọn ti fọ́. Gíláàsì ọ̀hún wà lójú wọn. Mo ń kà, wọ́n ń dá mi dúró, wọ́n ń tún mi ṣe, títí mo fi kà á dé ojú ìwé ìdágbére fáwọn òkú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ "Ìjẹ̀bú", ikùn mi á dáhùn.

Ìyá mi ló ní kí n máa fi koríko ọba se tíì mu lálẹ́. Ó wà lẹ́yìnkùlé wa, òórùn rẹ̀ dára, mi ò sì tíì gbọ́ pé ó dá ẹnikẹ́ni lóró rí. Mo ń mu ún, oorun ti ń fẹ́ máa wá, kí n tó lọ fọwọ́ ara mi ṣe ara mi nípa ìwé kíkà. Ní Brazil náà, àwọn èèyàn ń mu tíì yìí kí ara wọn lè rọlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ará ibẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 1986: wọ́n kó èèyàn 18 tí àyà wọn máa ń já bíi tèmi jọ, wọ́n fún wọn ní tíì náà tàbí ayédèrú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n mu, wọ́n wá gbé iṣẹ́ tó lè kó ìpayà báni síwájú wọn. Kò sí ìyàtọ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á ní ó ṣe tán, èmi ń sùn. Èmi ní rárá. Ṣé ewé tí kò ṣe nǹkan kan fún ará Brazil ló máa gbé mi dé iwájú bàbá oníwèé ìròyìn? Mo da ìyókù tíì nù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bí mo ṣe di olùwádìí nìyẹn. Mo ka ti kava, gbòǹgbò tí àwọn ará erékùṣù Fíjì àti Vanuatu máa ń pò mu níbi àpéjọ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Jámánì fòfin dè é lọ́dún 2002 nítorí wọ́n ní ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kóòtù wọn wá fagi lé òfin náà ní 2014. Bí kóòtù Jámánì tilẹ̀ ti dájọ́, ibo ni mo ti fẹ́ rí kava rà ní Ìbàdàn? Mo ka ti òróró lafẹ́ńdà tí àwọn ará Jámánì kan náà fi sínú kápúsù fún àìfararọ ọkàn. Iye tí wọ́n pè é fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó láti dá àìsàn mìíràn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi já lu igi asofẹ́yẹjẹ, orí mi sì wú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀mọ̀wé díẹ̀, torí irú ọ̀mọ̀wé yìí gan-an ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Asofẹ́yẹjẹ wa ní ìbátan kan ní Íńdíà, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún orí tó dàrú láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún 1931, Gananath Sen àti Katrick Chandra Bose kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú kí wèrè dákẹ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ CIBA ní Basel, lórílẹ̀-èdè Switzerland, fa èròjà kan yọ nínú gbòǹgbò náà, wọ́n sọ ọ́ ní reserpine. Nígbà tó fi máa di 1954, dókítà Nathan Kline ti ń fi í tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní New York. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti 1955. Ní ilé ìwòsàn Maudsley ní London, David Davies àti Michael Shepherd fún àwọn tí ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ń dà láàmú ní reserpine, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ayédèrú, àwọn tó mu reserpine sì sàn ju àwọn yòókù lọ. Àwọn aláìsàn yìí, ilé wọn ni wọ́n ti ń wá gbàtọ́jú. Ilé wọn! Ẹnikẹ́ni ò dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Asofẹ́yẹjẹ tiwa ní reserpine nínú, débi pé nígbà tí ọjà rẹ̀ gbóná, gbòǹgbò tí wọ́n wú nílẹ̀ Áfíríkà ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń rà láti fi ṣe é. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lọ́dún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Abẹ́òkúta yìí kan náà, ní Arò, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Lẹ́yìn tí mo ka èyí tán, kò sẹ́ni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo dá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró nídìí ẹ̀rọ omi níbi iṣẹ́, mo ń ka 1952 àti 1955 fún wọn. Mo ní ohun tí òyìnbó fi pa owó, ẹ̀yìnkùlé yín ló wà, ẹ wá ń sáré kiri ilé olóògùn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ní ìyẹn ò le.

Ọjà Bódè ni mo gbà lọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé egbòogi tí kò bá sí ní Bódè, kí olúwarẹ̀ má wulẹ̀ wá a mọ́. Mo bá màmá kan nídìí igbá.

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni mo fẹ́ rà."

Màmá gbójú sókè. Wọ́n wo irun mi, wọ́n wo bọ́tìnnì mi, wọ́n wo bàtà mi bóyá méjèèjì bára mu. "Ta ló fẹ́ lò ó?"

Kí ló dé tí mi ò sọ pé èmi ni? Mi ò mọ̀. Èèyàn pọ̀ nítòsí, ìtìjú mú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, màmá."

"Páà! Ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Ó ń sùn?"

"Kò sùn rárá." Èyí nìkan ni òótọ́ tí mo sọ lọ́jà lọ́jọ́ náà.

"Ṣé ó máa ń jà?"

Mo rántí bí mo ṣe ń bá ìrọ̀rí jà lóru. Mo ní ó máa ń jà díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ẹ ti dè é?"

"Rárá o, màmá!"

"Ẹ máa dè é." Wọ́n bu gbòǹgbò náà, wọ́n wò mí lójú, àánú ṣe wọ́n, wọ́n tún bù kún un láìgba owó. Wọ́n ṣàlàyé bí a ó ṣe lò ó, wọ́n wá na ìka sí mi: "Tó bá ti ń mu ún, kò gbọdọ̀ jáde nílé o. Orí ẹní ni kó wà. Kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọ." Mo ní ó dáa, màmá. Ta ló fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n mi jáde? Ẹ̀gbọ́n mi, díákónì ni wọ́n, báńkì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò tíì gbé ohùn sókè sí adìyẹ rí. Màmá gbàdúrà fún wọn tọkàntọkàn. Mo ṣe àmín.

Ó korò débi pé omi jáde lójú mi. Àmọ́ kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdána, ìpayà tó ti ń bá mi gbé láti kékeré kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ọ̀gá mi pariwo mọ́ mi, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Táyà dánfó bẹ́ gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá, gbogbo èèyàn sá, èmi rọra yíjú síbẹ̀. Olóúnjẹ ní òun fi owó kún owó, mo ní ó dáa. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura, torí mo máa ń pè é láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ láti bèèrè bóyá bàbá rẹ̀ ti yí ọkàn padà, mo sì ti dákẹ́. Imú mi dí, mo ní ọyẹ́ ni. Inú mi ń ṣí, mo ní ẹ̀wà ni. Bí mo bá dìde lójijì, ilé á yí, mo ní mi ò tíì jẹun ni. Gbogbo àìsàn pátá ni mo rí orúkọ fún, àfi èyí tí mo fowó ara mi rà.

Lọ́jọ́ ìdána, agbádá aṣọ òkè wà lọ́rùn mi, ọkàn mi sì tòrò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi gbọ̀n. Alága ìdúró tiwa àti alága ìjókòó tiwọn ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: owó ìwọlé, owó ìkíni, owó kí wọ́n tó ní ká jókòó. Níkẹyìn alága ìjókòó na máìkì sí mi lẹ́nu. "Ọkọ ìyàwó, kí lo wá ṣe nílé wa?"

Mo ti há a sórí. "Mo wá já òdòdó kan nínú ọgbà yín." Ẹni tí imú rẹ̀ bá dí pátápátá á mọ ohun tó jáde lẹ́nu mi:

"Bo wá já òdòdó kad lílú ọgbà yíd."

Gbogbo abẹ́ kánópì pa lọ́lọ́. Ìyá àgbà kan lápá ọ̀dọ̀ wọn bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní ohùn tí wọ́n rò pé ó lọ sílẹ̀: "Ṣé ẹ ní ọmọ Yorùbá ni?" Alága ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá ìyàwó mi bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n fi í sójú padà, wọ́n wò mí.

"Ó yá, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja!"

A dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ẹní! Ibi tí màmá Bódè ní kí ẹ̀gbọ́n mi wà gan-an nìyẹn. Àyà mi kan ilẹ̀, ilẹ̀ tutù, fáànù ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Alága ní ká dìde, àwọn ọ̀rẹ́ mi dìde. Èmi gbọ́ "ẹ dìde" láti òkèèrè, mo sì rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

"Ẹ wá wò ó o!" alága fi igbe ta. "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dìde, àna yín ní òun ò tíì dìde! Ọmọlúàbí rè é! Ta ló ṣì ń bí irú èyí láyé ìsinsìnyí?" Àyàn gbà á, gángan ń pe oríkì baba mi. Àwọn àna mi ń jáde wá, wọ́n ń ná owó sí mi lẹ́yìn. Wọ́n ní ìyá ìyàwó mi sunkún. Wọ́n ní bàbá fúnra wọn mi orí pé èyí dáa. Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, orúkọ mi ì bá wà ní Ìjẹ̀bú títí ayé. Àmọ́ imú mi dí, ẹnu ni mo fi ń mí, ẹnìkan sì ti gbé máìkì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi kó lè ráyè ná owó. Mo hanrun. Ẹ̀rọ tí a háyà fún ayẹyẹ náà dára gan-an, òpópónà kejì gbọ́.

Wọ́n fa mí dìde lójijì. Ojú mi ṣú, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi, mo sì jókòó. Itan ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi ni mo jókòó lé, ìyá arúgbó tó ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ò fẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni àbúrò ìyá ìyàwó mi. Àwọn ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n wo aago, wọ́n ní kí ìlù dákẹ́.

"Kí lo mu?"

Mo ní tíì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí agbádá mi nínú ọkọ̀ lọ́nà ilé ìwòsàn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Alágbàfọ̀ mọ̀.

Wọ́n parí ìdána láìsí mi. Wọ́n gbé fọ́tò mi sórí àga, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọkọ ìyàwó tó wà nílùú òyìnbó, ìyàwó mi sì dé fìlà fún fọ́tò. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi ga ju orí mi lọ, omi ń kán sí mi lára. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, dókítà béèrè iye mílígíráàmù tí mò ń mu. Ó ní bí àwọn bá fún èèyàn ní reserpine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdá mẹ́rin mílígíráàmù kan lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un, ó lè má tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Mo ní èmi ò mọ ti mílígíráàmù o, ife onírin ni mo fi ń mu ún.

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn èròjà kan wà tí iṣan ọpọlọ àti ti ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, àwọn bíi serotonin, dopamine àti noradrenaline, inú àpò tíntìntín ni wọ́n sì ń kó wọn pamọ́ sí, bí a ṣe ń kó àgbàdo sínú àká. Reserpine á dí ẹnu àká náà. Ohun tó yẹ kó wọlé á wà níta, á bàjẹ́, àká á wá gbẹ. Ìpayà ò ní rí ohun tí yóò fi ránṣẹ́ mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ò ní rí ohun tí yóò fi gbá ara jọ nígbà tí èèyàn bá dìde nílẹ̀. Imú dídí, inú ṣíṣí, oorun, kí ọkàn máa lù jẹ́jẹ́, gbogbo rẹ̀ ló bá a wá. Àwọn mìíràn ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le, ìyẹn sì wà lára ìdí tí àwọn dókítà fi pa á tì nígbà tí oògùn tuntun dé. Kì í sì í tètè kúrò lára, torí àká ò lè kún lóòjọ́. Ìyẹn ni mo fi ojú ara mi rí: a ti ṣe ìyàwó tán, a ti kó wọlé, mo ṣì ń di ògiri mú kí n tó dìde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Maudsley fún un. Ó ní àwọn ti Maudsley, dókítà ló wọn oògùn fún wọn, tó sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní àwọn tí Prince kọ̀wé nípa wọn ńkọ́, ṣé mo ka ibi tí àwọn aláìsàn náà ń gbé? Àgbàlá oníṣègùn ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ wọn tọ̀sán tòru. Mo dákẹ́. Ojú ìwé yẹn ni mo fò, torí mo ń sáré lọ ibi tí wọ́n ti yìn wá. Màmá Bódè tí kò ka Prince, tí kò gbọ́ ti Basel rí, sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi lójúkojú: orí ẹní, kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọ. Gbogbo ìbéèrè tí dókítà bi mí ni màmá ti bi mí lórí igbá, ó kàn jẹ́ pé dókítà ni mo rí sọ òótọ́ fún. Ẹ má dá màmá lẹ́bi. Aláìsàn tí mo ṣàpèjúwe fún wọn, oògùn rẹ̀ gan-an ni wọ́n tà fún mi.

Bàbá ìyàwó mi wá kí mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n jókòó, wọ́n tú ìwé ìròyìn, wọ́n ní àwọn ló máa kà á fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Mi ò tún wọn ṣe níbì kankan.

Mo ti padà sídìí koríko ọba. Mo mọ ohun tí àwọn ará Brazil sọ, mo mọ̀ ọ́n lórí, mo sì ń sùn. Dókítà tún fi mí mọ ẹnìkan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn aláyà-jíjá bíi tèmi, à ń sọ̀rọ̀, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo ṣì ń kó ìwé mi jọ bí ọ̀gá bá pè mí, àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń tú u sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má fọwọ́ kan asofẹ́yẹjẹ láìjẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kù. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ní kí n sin àwọn lọ ra orógbó àti ataare ní Bódè fún ìkómọ. Mo gbìyànjú láti darí wọn sí ìsọ̀ mìíràn, wọn ò gbà. Màmá rí mi lókèèrè, wọ́n nawọ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ọjọ́sí ńkọ́?" Kí n tó ríhun sọ, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀ síwájú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èmi nìyí, màmá." Màmá sún igbá wọn sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n wò wọ́n láti òkè délẹ̀, kóòtù, táì, bàtà tó ń dán. Omi lé ròrò sójú wọn. "Ẹ kú ewu," ni màmá ń wí, "ẹ kú ewu o. Ọlọ́run tó ṣe é á parí rẹ̀." Wọ́n kó orógbó kún ọ̀rá, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Títí a fi délé ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé àwọn èèyàn rere ṣì kù láyé. Wọ́n ti fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ wọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìwé yìí hàn wọ́n.